Nípa Bíbéèrè Ọ̀nà

Àwọn bàbá wa wí pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Láti ìgbà èwe wa ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, a sì ti gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n ní ayé tí a wà yìí, ohun titun kan ti dé tí ó mú kí ó yẹ láti tún ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa gbé yẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, wọn kò sì ṣìnà. Fóònù tí ó wà ní àpò wọn ni ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n yà sí ọ̀tún tàbí kí wọ́n yà sí òsì, òun náà ni ó sì ń sọ iye ìṣẹ́jú tí ó kù kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ìbéèrè wa ni èyí: ẹni tí ẹ̀rọ ti bá mọ ọ̀nà, ǹjẹ́ ó ha tún jẹ àwọn tí ń gbé ẹ̀bá ọ̀nà ní gbèsè kan bí?

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀tá ẹ̀rọ ni ó ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a tètè jẹ́wọ́. A fẹ́ràn kọ̀ǹpútà púpọ̀púpọ̀, bóyá ju bí ó ti yẹ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ ìjọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ lọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo wa. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wa bá sì ń sun oorun ọ̀sán, àwa a máa jókòó tì í nínú ooru, a ó máa tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, a ó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, títí a ó fi mọ ohun tí ó ń ṣe. Láti ìgbà náà wá, a kì í gbọ́ pé ètò titun kan jáde kí ọkàn wa má fà sí i láti mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Aya wa a máa wí pé bí ó bá jẹ́ pé ìdajì àkókò tí a fi ń wo inú ẹ̀rọ ni a fi ń wo inú oko ni, à bá ti ní iṣu tí a ń tà. A kò lè jiyàn.

Nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, máàpù ni a fẹ́ràn jùlọ. Ní alẹ́ tí iná mànàmáná bá wà, a máa ń ṣí i sílẹ̀, a ó sì rin ìrìn-àjò láì dìde lórí àga. A ó gbéra ní Ìkẹ́rẹ́, lábẹ́ òkè Ọlọ́sùnta àti òkè Òròlé. A ó gba Ìjù kọjá sí Àkúrẹ́, a ó ti Oǹdó lọ sí Èkó. A ó fo òkun, a kò sì ní tutù. Nígbà tí ó bá sì di ìgbà tí àwọn ọmọ ilé ti sùn tán, a ó ti dé ìlú London, a ó sì dúró níwájú ilé ńlá tí a ń pè ní British Museum. Ó ní ìdí tí a fi ń lọ síbẹ̀ jù ibòmíràn lọ. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ wà níbẹ̀.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni a bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó dàgbà sí, tí ó sì sin Arínjalẹ̀, títí ó fi kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni ó ṣiṣẹ́ fún Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Àwọn ará British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ọ̀gọ̀gà kò gbà láti tà á. Ohun tí ó gbà ni pé kí wọ́n fi ìtẹ́ kan tí a ṣe ní ìlú Òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, àwa tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ààfin kí omi tó hó lórí iná, lórí fóònù ni a ti mọ ilẹ̀kùn ààfin náà.

Ohun tí ó wà lára ilẹ̀kùn náà ni dídé àlejò. Ọ̀gọ̀gà wà ní apá kan pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Ní apá kejì ni Ọ̀gágun Ambrose wà, Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí a rán wá sí ẹkùn wa ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Wọ́n gbé e ni. Àwọn kan ru ẹrù rẹ̀ tẹ̀lé e. Ní alẹ́ kan tí a fi ìka méjì fa àwòrán náà gbòòrò lójú fóònù, ọkàn wa fò wò pé nínú gbogbo àwọn ènìyàn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sí apá ibẹ̀, ẹni tí ó jókòó nìkan ni kò mọ ọ̀nà. Àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó mọ ibi tí àpáta gbé ń yọ̀, àwọn ni ó mọ odò tí ó kún àti èyí tí ó fà. Ìwé sì sọ orúkọ ẹni tí ó jókòó fún wa. A kò tí ì rí ìwé kankan tí ó sọ orúkọ àwọn tí ó gbé e.

A sọ èyí nítorí pé ó jọ ìrìn-àjò tiwa lóde òní jù bí a ti rò lọ. Ẹni tí ó fi fóònù sí iwájú alùpùpù rẹ̀ tí ó ń tẹ̀lé ohùn inú rẹ̀, òun pẹ̀lú wà lórí orí àwọn ènìyàn tí kò mọ orúkọ wọn. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ó ti rí.

Ní òkè réré, ní nǹkan bí 20,000 kìlómítà sí ilẹ̀, àwọn sátẹ́láìtì tí wọn kò dín ní 24 ń yí ayé ká. Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó ṣe wọ́n, fún iṣẹ́ ogun. Ní ọdún 1978 ni ó ta èkíní sókè. Ní ọdún 1995 ni gbogbo wọn pé tí iṣẹ́ wọn sì gún. Títí di ọdún 2000 ni ó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe díẹ̀ sí ohun tí àwọn ará ìlú lásán ń rí gbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní aago tí kì í ṣìṣe, ó sì ń kéde àkókò láì sinmi. Fóònù wa kò bá wọn sọ̀rọ̀. Ó kàn ń fetí sílẹ̀ ni. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ó dúró láàárín igbó, tí ó ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tí a lù ní ìṣẹ́jú kan náà ní ìlú mẹ́rin. Èyí tí ó sún mọ́ ọn yóò kọ́kọ́ dé etí rẹ̀, èyí tí ó jìnnà yóò dé kẹ́yìn. Bí ẹni náà bá gbọ́n ní ìṣirò, yóò lè ti inú bí wọ́n ti dé sọ ibi tí òun dúró sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fóònù ń ṣe. Kí ìṣirò náà sì lè tọ̀nà, ẹnì kan ní láti mọ bí ayé ti rí gan-an, nítorí ayé kò yípo bí ọsàn tí ó dára. Ó wú níhìn-ín, ó tẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ọdún púpọ̀ ṣe ìṣirò náà ni Gladys West, obìnrin adúláwọ̀, ọmọ àgbẹ̀ ní Virginia, tí a bí ní ọdún 1930. Ní ọdún 1956 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Dahlgren, ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ó sì di ọdún 2018, nígbà tí ó ti di arúgbó, kí àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà tó fi orúkọ rẹ̀ sí àárín àwọn tí wọ́n ń bu ọlá fún.

Ṣùgbọ́n ohun tí sátẹ́láìtì lè mú kí fóònù mọ̀ kò ju ibi tí o dúró lọ. Kò mọ ibi tí ọ̀nà lọ. Ènìyàn ni ó fa ọ̀nà sínú máàpù. Nígbà tí Steve Coast dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004, ohun tí ó ń béèrè ni pé kí olúkúlùkù fa ọ̀nà tí ó mọ̀. Láti ìgbà náà sì ni àwọn ènìyàn tí a kò san nǹkan fún ti ń jókòó ní alẹ́, tí wọ́n ń fi orúkọ sí àdúgbò wọn. Ní ti Google, tí ó mú máàpù tirẹ̀ jáde ní ọdún 2005, àwọn fóònù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará ọkọ̀ ni ó ń sọ fún un bóyá ọ̀nà dí tàbí kò dí. Èyí ni pé nígbà tí a rò pé a kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé a kò kí wọn, a kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. (Ẹ̀rọ náà pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní ọdún 2019 Google fi ohùn kan tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Nàìjíríà sínú máàpù rẹ̀, a sì yọ̀. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí a bá kọ orúkọ Ìsẹ̀ láì sí àmì, kí ni kí ẹ̀rọ fi mọ̀ bóyá ìlú ni a ń sọ, tàbí iṣẹ́, tàbí ìṣẹ́?)

Nígbà àtijọ́ ńkọ́? Ní ilẹ̀ Èkìtì, ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í gba ìdáhùn lásán. Ẹni tí a bi yóò kọ́kọ́ béèrè tirẹ̀: ọmọ ta ni ọ́, láti ìlú wo, kí ni o ń wá níbẹ̀? Kí o tó dáhùn tán, ó ti rí i pé ọ̀dọ̀ ìdílé ìyá rẹ ni àbúrò òun obìnrin gbé fẹ́ ọkọ. Yóò fi àdá rẹ̀ ti igi, yóò sì sìn ọ́ dé oríta. A kò ní í fi ìyìn bo àṣà náà mọ́lẹ̀, nítorí ó ní àléébù tirẹ̀. Àgbẹ̀ wa kan yóò sọ fún ọ pé ibẹ̀ kò jìnnà mọ́, ìwọ yóò sì rìn títí oòrùn yóò fi wọ̀. Òmíràn kò mọ ọ̀nà náà rárá, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti wí bẹ́ẹ̀, yóò sì na ọwọ́ sí ibi tí ó wù ú. Ohun tí ó burú jù èyí lọ ni pé bíbéèrè kò rọrùn bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Obìnrin tí ó dá rìn ní ìrọ̀lẹ́, àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlú, ẹni tí kò lè fọhùn, gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ó ti jìyà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà bíbéèrè láti ìgbà pípẹ́. Fún wọn, àánú ni ẹ̀rọ náà jẹ́, ẹni tí ó bá sì ń kẹ́gàn rẹ̀ níwájú wọn, a jẹ́ pé kò tí ì sọnù rí.

Ọkùnrin tí ó mọ èdè, tí ó mọ ìlú, tí àánú yìí kò kàn, ni àwa jẹ́ ní ọjọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ kékeré kan ní abà tí ó wà láàárín Ìsẹ̀ àti Èmùré. Ó ti ń ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ránṣẹ́ pè wá. Kì í ṣe àdúrà nìkan ni ó fẹ́. Ó ti gbọ́ pé fóònù wa lè mú kí ènìyàn máa wo ojú ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ wà ní òkè òkun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wà ní ìlú Òyìnbó, kò rí i fún ọdún mọ́kànlá. A ṣe àdéhùn pẹ̀lú ọmọ náà pé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé a ó pè é. Inú wa dùn púpọ̀. Kí a má purọ́, díẹ̀ nínú ayọ̀ náà jẹ́ ti ìyá yìí, díẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀rọ, pé àwọn ènìyàn yóò rí ohun tí ó lè ṣe.

A mọ ọ̀nà kan dé abà náà, ṣùgbọ́n ó yí ká. Fóònù fi òmíràn hàn wá tí yóò fi ogún ìṣẹ́jú kúrú. A tẹ̀lé e. Lẹ́yìn tí a ti kúrò lórí ọ̀dà, a dé oríta kan níbi tí ahéré kan gbé wà; bàbá arúgbó kan jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ń hun apẹ̀rẹ̀. Bí ó ti rí wa, ó gbé ọwọ́ sókè. A rò pé ó ń kí wa ni. Ohùn tí ó wà ní etí wa sọ pé kí a máa lọ tààrà; àwa náà fọn fèrè alùpùpù wa fún bàbá, a sì kọjá.

Nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta síwájú ni a dé odò kan. Afárá pákó tí ó wà lórí rẹ̀ ti wọ́, òjò sì ti sọ omi náà di ńlá. Ó yẹ kí a padà lójú ẹsẹ̀. A kò padà. A wo fóònù, fóònù sì ń wí síbẹ̀ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. A wá ibi tí omi gbé fà, a ti alùpùpù wọ inú rẹ̀, ẹrẹ̀ sì dì í mú. Nígbà tí a fi máa yọ ọ́, ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ̀rọ alùpùpù kò dáhùn mọ́, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pẹ̀lú ti lọ. A fi ẹsẹ̀ padà dé ọ̀dà, ẹnì kan gbé wa lọ́kọ̀, a sì gba ọ̀nà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Agogo mẹ́jọ ti kọjá kí a tó wọ abà. Ìyá náà ti jókòó láti agogo mẹ́rin. Wọ́n ti wẹ̀ fún un, wọ́n ti wé gèlè fún un. Nígbà tí ó di agogo méje ni ó ní kí wọ́n tẹ́ òun sílẹ̀. Nígbà tí a pe ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ hàn kedere, ó pe ìyá rẹ̀ ní oríkì, a sì gbé fóònù súnmọ́ ojú ìyá náà. Kò dáhùn. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti sùn.

Ní ọjọ́ kejì ọmọ náà bi wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ó dá yín dúró?" A dá a lóhùn pé, "Ọ̀nà ni." Ó wí pé òun mọ bí ọ̀nà Nàìjíríà ti rí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Nítorí ìdáhùn yẹn ni a fi ń kọ ìwé yìí. Ǹjẹ́ òtítọ́ ni a sọ bí? Ọ̀nà kọ́ ni ó dá wa dúró. Ẹ̀rọ pàápàá kọ́, nítorí ẹ̀rọ kò purọ́. Ọ̀nà náà wà, afárá sì wà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnì kan fà á sínú máàpù. Àná ni ẹ̀rọ mọ̀. Ẹni tí ó jókòó ní oríta ni ó mọ òwúrọ̀ yìí. A sì ti gbọ́n nípa ẹ̀rọ tó láti mọ èyí, a ti mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ. Ohun tí ó mú wa kọjá ni pé ó dùn mọ́ wa láti jẹ́ ẹni tí kò ní láti béèrè. Ẹni tí ó ń béèrè sọ ara rẹ̀ di kékeré fún ìṣẹ́jú kan. Alágbèẹ̀dẹ a máa béèrè lọ́wọ́ ọmọdé, ọba a máa rán ẹni lọ béèrè. Ní oríta, ẹni tí ó mọ̀ ni ọ̀gá. Fóònù ti gba ìṣẹ́jú náà kúrò lọ́rùn wa, a kò sì mọ̀ pé ó mú ohun mìíràn lọ pẹ̀lú rẹ̀.

A gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́ níhìn-ín, èyí tí a sọ di yunifásítì ní ọdún 2020. Ó gbọ́ ọ tán, kò sì gbà fún wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ayé bàbá yín ni a wà. Ta ni kí ènìyàn bi ní ọ̀nà oko lónìí?" Ó rán wa létí ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí àwọn agbébọn dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan dúró ní Èmùré, tí wọ́n sì kó àwọn ọmọ kékeré àti àwọn olùkọ́ wọn wọ inú igbó. Ọjọ́ kan náà ni a pa ọba méjì ní ìhà àríwá Èkìtì, lójú ọ̀nà, bí wọ́n ti ń ti ìpàdé bọ̀. Àwọn ọmọ náà padà wálé ní oṣù kejì. Awakọ̀ wọn kò bá wọn padà. Ọ̀rẹ́ wa ní ìyá òun ti kìlọ̀ fún òun láti ìgbà náà pé kí òun má ṣe dúró fún ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ọwọ́ sókè lójú ọ̀nà. "Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo rí bàbá yẹn," ni ó wí, "èmi pẹ̀lú kì bá ti dúró, n kò sì ní kà á sí ẹ̀ṣẹ̀."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, a kò sì rí ìdáhùn fún un ní ọjọ́ náà. Nígbà tí a dé ilé, a rántí àwọn amòye tí ó ti ìlà-oòrùn wá. Àwọn ni ó ní ẹ̀rọ tí ó dára jùlọ tí ẹ̀dá ti tẹ̀lé rí, ìràwọ̀ tí ń lọ níwájú wọn lójú ọ̀run. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dé Jerúsálẹ́mù, wọ́n béèrè ọ̀nà. Gbogbo ìgbà Ẹpífánì ni a fi ìtàn yìí kọ́ àwọn ọmọdé, tí a sì ń yìn wọ́n fún ìrẹ̀lẹ̀ wọn, a kò sì jẹ́ ronú rí nípa ohun tí ìbéèrè náà fà. Hẹ́rọ́dù gbọ́. Àwọn ọmọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni ó san owó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìràwọ̀ nìkan ni wọ́n tẹ̀lé, tí wọ́n pa ẹnu mọ́, bóyá ìyá púpọ̀ ì bá má sunkún. Nítorí náà a kò lè sọ fún ọ̀rẹ́ wa pé kí ó máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá rí. Ohun tí a lè sọ ni pé ààfin ni àwọn amòye náà lọ, nítorí pé ènìyàn ńlá ni wọ́n. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn sì wà nínú pápá ní ẹ̀bá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tí ó mọ ilé náà. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó bá ọ pàdé lójú ọ̀nà àti ẹni tí ń gbé ibẹ̀, tí ó ní ahéré, tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. A sì sọ ohun kan fún un lẹ́yìn náà tí ó mú kí ó dákẹ́ díẹ̀, bí kò tilẹ̀ gbà: ẹni tí ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti fi ẹlẹ́rìí sílẹ̀ lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò padà, ẹnì kan wà tí yóò wí pé, "Ó kọjá níhìn-ín, ó ní odò ni òun ń lọ." Ní alẹ́ ọjọ́ tí a wà nínú ẹrẹ̀, ibi tí a wà yé fóònù wa dáadáa, kò sí ènìyàn kan ní ayé tí ó mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ìyá náà, a padà lọ sí oríta yẹn. Bàbá náà wà níbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ mìíràn ni ó ń hun. A pa alùpùpù, a sọ̀ kalẹ̀, a sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

Ó wò wá títí. "Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ fọn fèrè fún mi ní ìjelòó?"

A ní àwa ni. Ó ní òun gbé ọwọ́ sókè láti dá wa dúró ni, nítorí afárá ti wọ́ láti ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú. A bi í pé kí ló dé tí kò fi pariwo. Ó fa ewéko kan gba inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ó tó dáhùn.

"Mo rò pé ẹ ti mọ̀ ni. Mo rí i pé ẹnì kan ti ń bá yín sọ̀rọ̀ ní etí."

Ó ní kí a fi ẹni náà han òun. A jókòó tì í lórí àpótí, a sì ṣí máàpù sílẹ̀. Ahéré rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, oríta wà níbẹ̀, odò wà níbẹ̀, afárá náà sì wà lórí odò bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ó gbé ìka lé e, ó sì gbé e kúrò, ó bẹ̀rù kí òun má bà á jẹ́. Ó béèrè bóyá àwọn tí ó ni ín lè gbọ́ bí a bá bá wọn sọ̀rọ̀. A ní wọ́n lè gbọ́. Ó ní nígbà náà kí a sọ fún wọn kí wọ́n yọ afárá kúrò, kí wọ́n sì sọ fún àwọn tí ń bọ̀ pé kí wọ́n gba ọwọ́ òsì, níbi igi obì, títí òjò yóò fi dá. A kọ ọ́ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, a kà á fún un, a sì fi ránṣẹ́.

Bàbá náà dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ tí ó lànà ibẹ̀, ó sì béèrè bóyá a ti fi í sí i. A wo inú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì sọ fún un pé kò sí àyè fún orúkọ níbẹ̀.